Ìwọ̀n Ikùn Mi Nínú Ìwé Aránṣọ

Òórùn èédú àti ańkárá tuntun ni mo fi ń rántí oyún àwọn ìbejì mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Òkè-Fìà, áyọ́ọ̀nù eléèédú la ṣì ń lò nígbà náà. Bí ó bá ti kan aṣọ báyìí, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí oníbàárà bá bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi ń dáhùn. Téèpù ọrùn mi ni mo mọ̀ ọ́n lò ju ẹnu lọ.

Nígbà tí ikùn mi ń yára wú ní oṣù karùn-ún, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ̀n ọ́n, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí: ínǹṣì méjìdínlógójì. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ti di mẹ́tàlélógójì, ó sì le bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ jù. Mi ò lè mí délẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi wá láti Iléṣà, inú wọn dùn sí ikùn náà débi pé wọ́n se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Mo ní ó ń yára jù.

Wọ́n ní, “Ikùn ìbejì mà nìyẹn. Àbí o fẹ́ kó pẹlẹbẹ bí àwo ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn pín ẹ̀wà náà.

Ọ̀gá mi ló bá ìwọ̀n náà pàdé níbi tí wọ́n ti ń wá ti ẹlòmíràn. “Oníbàárà wo ló ń sanra báyìí?”

Mo fọwọ́ kan ikùn mi. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ni mo nà sí wọn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú lé mi níkùn.

Wọ́n ní àwọn ọmọ náà jọ ń lo ibi ọmọ kan ṣoṣo, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì so pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ń ṣàn lọ sára èkejì. Omi ti kún bo ẹni tó ń gbà, ti ẹni tó ń fúnni sì ń gbẹ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lè pàdánù àwọn méjèèjì. Iná tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fi ń jó irú iṣan bẹ́ẹ̀ pa nínú oyún, ṣùgbọ́n kò sí nítòsí wa. Fífa omi náà jáde ni ohun tí àwọn lè ṣe.

Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mi ò rí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fa omi náà kí oṣù kẹjọ tó pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti gbé àwọn ọmọ náà jáde. Táyé pupa bí ata. Kẹ́hìndé funfun, ó kéré, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Mo gbé e sí àyà mi lójoojúmọ́ títí ara rẹ̀ fi móoru.

Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí. “Ìyàwó mi, bí o bá tún rí ohun tí kò yé ọ, pariwo. Bí mo bá ní kó o dákẹ́, pariwo sí i.”

Lóṣù tó kọjá, mo ń wọn àyà wọn fún aṣọ ilé ìwé. Táyé, ínǹṣì méjìlélógún. Kẹ́hìndé, ínǹṣì méjìlélógún. Mo tún un wọ̀n, nítorí mo rò pé mo ṣì í kà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo kọ fún àwọn méjèèjì, sí ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ yẹn, lábẹ́ ìwọ̀n ikùn mi. Mo wá jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fi gbogbo ohùn mi pe ọ̀gá mi tó wà lódìkejì títì pé kí wọ́n wá wo ìwọ̀n náà. Àwọn ọlọ́kadà yíjú wò mí. Mi ò wo ilẹ̀.