Gìgísẹ̀ Mi àti Àga Àwọn Oníbàárà

Mo ń dìde kí n lọ ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà ni. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lélẹ̀, gìgísẹ̀ mi dùn mí wọnú egungun, àfi bíi pé mo tẹ abẹ́rẹ́. Aránṣọ ni mí ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, abẹ́rẹ́ kì í jìnnà sí mi, torí náà mo tan iná, mo wá a títí. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo rìn díẹ̀, ó rọlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Tí mo bá sì jókòó pẹ́ tí mo fẹ́ dìde, á tún gbé e dé. Irú ìrora wo ló ń bínú sí ìsinmi? Ìyá mi, tí a jọ ń gbé, kò ráyè ìwádìí. "O ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́nà Ute," ló ní, torí pé mo lọ ra iṣu níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó fi òrí gbígbóná ra á fún mi. Ó tù mí lára, ṣùgbọ́n kò wò mí sàn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, mi ò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé wálé, orí rẹ̀ ni mo ti ń kírun, torí mi ò lè tẹ ìka ẹsẹ̀ mọ́ ẹní mọ́. Ìyá mi á wà nílẹ̀ lórí ẹní, èmi ọmọ á wà lókè. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mo mọ ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo ń wá ẹni tó ń tiro bíi tèmi. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò egungun. Kì í ṣe àtọ̀gbẹ, egungun ò sì ṣẹ́. Dókítà ní iṣan pẹlẹbẹ kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí ìka ẹsẹ̀, òun ló ń dùn mí. Ó máa ń súnkì tí a bá sùn, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì ń fà á. Èyí yé mi kíá: tí láínìn tí a rán sínú aṣọ bá kéré ju aṣọ lọ, bí o bá wọ̀ ọ́ lójijì, ojú rírán ni yóò kọ́kọ́ ya.

Wọ́n ní kí n lọ bá obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Ó ní kí n ṣe gbogbo ohun tí mo ń fi ẹsẹ̀ ṣe lójúmọ́ kí òun rí i. Mo ṣe bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ láìwọ bàtà. Mo wá fi bí mo ṣe máa ń jókòó nínú ìrun tẹ́lẹ̀ hàn án, ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ìnàró, ìka rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, mà," ló wí. "Ìgbà wo lẹ jókòó báyìí kẹ́yìn?"

"Ó ti tó oṣù méjì. Ó ń dùn mí ni mo fi sá fún un."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín gan-an nìyí. Ìjókòó yìí ló ń na iṣan náà."

Kì í ṣe pé àga ló dá àìsàn náà sílẹ̀ o. Títẹ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ lásán àti sílípáàsì tó ti jẹ tán wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó ti wà lápò ṣòkòtò. Ó ní kí n máa fi ọwọ́ fa ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀, kí n máa yí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ìgò omi tútù, kí n sì máa wọ bàtà tó nípọn, nínú ilé pàápàá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò rí ìyàtọ̀, mo sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti dé ìdí kànga láàárọ̀ kí n tó rántí pé mo ní gìgísẹ̀.

Ó ṣì ń ta mí nígbà mìíràn. Ẹsẹ̀ tó ti gbé mi fún ogójì ọdún, mi ò kì í wò ó àfi tí mo bá fẹ́ lé làálì. Ní báyìí mo máa ń kí i kí n tó gbé e lélẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Mo tẹ ìka ẹsẹ̀, ó fà, ó gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí a sálámà tán, ìyá mi ò wojú mi. Ó nawọ́ sí àga náà.

"Gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù," ló wí. "Níbo làwọn oníbàárà rẹ á jókòó sí?"