Gilbert Atukọ̀ àti Fèrè Méjì

Ọkọ mi Gilbert kò mọ ìjókòó. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á bu òkèlè díẹ̀, á dìde lọ wojú odò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí oníwàásù tó ṣe àmín, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí-Ò-Balẹ̀ ni wọ́n ń pè é lábúlé wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. “Bàbá Bísí, ẹ jókòó!” Ọ̀rọ̀ tí mo fi ayé mi sọ nìyẹn, inú sì máa ń bí mi dáadáa tí mo bá ń sọ ọ́.

Atukọ̀ ni. Òun ló ń gbé àwọn tó ń ti oko àti ọjà bọ̀ sọdá odò. Tẹ́lẹ̀, òjò nìkan ló ń mú omi wa kún, ọkọ mi sì mọ òjò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ dáàmù iná mànàmáná sí apá òkè odò, omi lè ya dé láìsí òjò, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fọn fèrè ńlá kan, kí gbogbo ẹni tó wà lójú odò sá gun òkè. Fèrè yẹn ló lé oorun kúrò lójú Gilbert.

Ní oṣù ààwẹ̀ ọdún 1985, àwọn oníṣòwò ra fèrè fún mọ́ṣáláṣí wa. Wọ́n ní mọ́ṣáláṣí Ìjẹ̀bú-Òde ní fèrè, tiwa náà gbọ́dọ̀ ní. Bó bá dún, kí àwọn èèyàn ṣínu. Ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ̀nà ilé Ààfáà Wàhábì, olórí mọ́ṣáláṣí náà. Mo tẹ̀ lé e kó má baà lọ jà.

“Ààfáà, ohùn kan náà ni fèrè yín àti ti dáàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ládàánì máa fẹnu pe ìṣínu bíi ti tẹ́lẹ̀.”

“Gilbert, ìwọ tí o kì í gbààwẹ̀, kí ló kàn ọ́ nínú ìṣínu wa?”

Gbogbo àwọn tó jókòó ti Ààfáà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí títí dé ilé.

Àṣà kan wà lójú odò wa: bí ìṣínu bá bá ọkọ̀ láàárín omi, atukọ̀ á gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó gbààwẹ̀ lè fara balẹ̀ mu omi. Gilbert kì í rú àṣà yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Mùínátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ, wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn, ni fèrè bá dún. Mùínátù ti fa ìgò omi yọ.

“Bọ̀ọ̀dá Gilbert, ẹ dúró díẹ̀ fún wa.”

Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ló gbójú sókè. Oòrùn ṣì wà lórí igi ọ̀pẹ.

“Oòrùn ò tíì wọ̀! Ti dáàmù nìyẹn!”

Ó nàró sínú ọkọ̀, ó ń tù ú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Èmi ń pariwo pé, “Bàbá Bísí, ẹ jókòó, ẹ máa dà wá sómi!” Ẹni tó gbẹ̀yìn lára wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè ni omi dé, ó pọ́n bí epo, ó ń hó, ó sì já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ Gilbert. Àjẹ̀ nìkan ló kù.

Ààfáà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ládàánì ló ń fẹnu pe ìṣínu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ, Gilbert sì jókòó. Ó ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ dalẹ́, àjẹ̀ lórí itan, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán porogodo. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà mí. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fèrè dáàmù tún dún. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ń fọ aṣọ létí odò. Mo wo Gilbert, kò mira. Ni mo bá ju abọ́ ọwọ́ mi nù, mo sáré, gèlè já bọ́, mo ń ké pé, “Ẹ jáde lómi! Ẹ jáde o!”

Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹnì kan fi sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àjẹ̀ lọ́wọ́.

“Mojí, ẹsẹ̀ rẹ wúwo jù!”

Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sáré tẹ̀ lé e. Mi ò ní kó jókòó.