Aṣọ Òwú Ìyá Àgbà

Ẹfun ni ọmọ mi tó lóyún ń jẹ láàárọ̀ yìí. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìwó, níbi tí Ìyá Àgbà ti máa ń fi ẹfun pa ìka kí wọ́n tó ran òwú. Títà ni wọ́n ń ta òwú náà, òun ni wọ́n fi ń bọ́ wa. Ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ahunṣọ tó máa ń rà á mú òwú òyìnbó tí rélùwéè kó dé wá.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èyí kì í já lórí òfì, kò sì wọ́n. N ò ní lè ra tiyín mọ́."

Ìyá Àgbà fà á wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, ó dára." Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ òwú tiwọn sí i níwájú, wọ́n sì nawọ́ sí mi. "Bá mi fi gbogbo eléyìí hun aṣọ fún ọmọ yìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo rò pé a ti di olówó.

Òwú tí ẹnikẹ́ni ò rà mọ́ ni wọ́n fi bò mí lára.

Ọlọ́run kẹ́ wọn. Aṣọ náà ni mo fi pọn ọmọ tó ń jẹ ẹfun yìí. Mo ti sá a sóòrùn de èyí tó ń bọ̀.