Ọlọ Inú Ògiri Hannah

Hannah Udale ń sin àgùntàn ní Hagg Rigg, lókè Cumbria nílẹ̀ Òyìnbó, lórí ilẹ̀ tó háyà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Èmi, Nathan, ni aládùúgbò rẹ̀.

Ahoro kan wà ní pápá òkè rẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé róbótó àti ààlà oko àwọn àgbẹ̀ tó gbé ibẹ̀ láyé ìjọba Róòmù. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí òkúta kan níbẹ̀. Onílẹ̀ náà ti kìlọ̀ fún Hannah: ọjọ́ tó bá fọwọ́ kàn án, kó kẹ́rù rẹ̀.

Nígbà òtútù, apá kan ògiri pápá náà wó. Àgùntàn ibí mọ ilẹ̀ wọn. Ìyá ló ń fi han ọmọ. Bí wọ́n bá gba àlàfo kọjá, tí wọ́n dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, ìmọ̀ yẹn bàjẹ́, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Nítorí náà, a kì í jẹ́ kí àlàfo mọ́jú. Yìnyín sì ti bo òkúta tó wó mọ́lẹ̀. Hannah mú àwọn tó sún mọ́ ọn, láti inú ahoro. Ìdajì ọlọ róbótó kan tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ yẹn fi ń lọ ọkà wà lára wọn, ihò wà láàrin rẹ̀. Ó tẹ́jú, ó wúwo, ó dáa fún ògiri. Ó tò ó mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gun òkè, Hannah á dúró lójú fèrèsé títí ẹni náà á fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, a gbọ́ pé ará ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ahoro ń bọ̀.

"Yọ ọlọ yẹn kó tó dé," ni mo sọ fún un láàárọ̀.

"Kí ògiri lè wó lé mi lórí? Àbí pápá mi lo fẹ́ jogún?"

Ọmọbìnrin ni wọ́n rán wá, Rosalind Peart. Òjò ń rọ̀, a sì fi tíì lọ̀ ọ́ ní ilé ìdáná.

"Tíì yín mà le o, mà."

"Nathan ló pò ó," Hannah dáhùn. "Ó rò pé oògùn àgùntàn ni."

Rosalind rẹ́rìn-ín.

"Mo rí ògiri yín láti ìsàlẹ̀," Rosalind ní. "Ó dúró dáadáa. Níbo lẹ ti rí òkúta nínú yìnyín yẹn?"

Kí Hannah tó la ẹnu, mo ti dáhùn.

"A hú u jáde lábẹ́ yìnyín náà ni," mo ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí n tún gun òkè nínú òjò yìí."

Mo mí kanlẹ̀. Hannah wo fèrèsé, ó wò mí.

"Nathan, má purọ́ nítorí mi mọ́. Wọ́n á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá tún dúró lójú fèrèsé yẹn." Ó kọjú sí àlejò. "Ọmọ mi, wọ bàtà ẹ. Òkúta ahoro ni mo fi dí àlàfo ògiri náà. Ọlọ wà níbẹ̀. Èmi ni mo tò ó."

Rosalind kò tíì gbé ife sílẹ̀ tí Hannah fi dìde, tó fa kóòtù rẹ̀ wọ̀, tó sì jáde sínú òjò, ó kọrí sí òkè.