Ìdérí Abọ́ Keje

Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti ìhà Mile 12 ní òwúrọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó ń jí wa nílé. Òórùn ló ń jí wa. Tòmátì tó ti ń bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀, ata rodo tí òjò ti pa, àlùbọ́sà tó ti Òkè Ọya rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta wá, gbogbo wọn á gba ojú fèrèsé wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Kò ní pẹ́ tí òórùn kejì á fi dé láti ẹ̀yìnkùlé: ẹ̀wà tó ti ń hó láti ìdájí, epo pupa tó ti gbóná, àlùbọ́sà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú rẹ̀ tó ń pariwo ṣàà. Òórùn kìíní ń mú mi bo imú. Èkejì ń mú mi wá ibi sá pamọ́ sí, nítorí mo mọ ohùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Rónkẹ́! Abọ́ ń dúró dè ọ́ o!"

Ohùn mọ́mì mi nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n rẹ́ mi jẹ nígbà èwe mi, mo sì lè to ìrẹ́jẹ náà lẹ́sẹẹsẹ. Aránṣọ ni mọ́mì mi ní Ikosi. Òun àti obìnrin márùn-ún míì ládùúgbò, mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí, ló ń dáná ní gbogbo Sátidé fún àwọn tí ara ò gbé mọ́: opó tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, àgbàlagbà tí ọmọ ò wá wò, afọ́jú tó ń dá gbé. Wọn ò ní bánà, wọn ò ní ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Oníkòkò làdúgbò ń pè wọ́n, torí ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Alhaja Mútíátù ló ni ín. Ìdílé Alhaja ti wà ní Ikosi kí títì tó dé, ìkòkò yẹn sì tóbi débi pé mo máa ń rò pé òun ló kọ́kọ́ tẹ ìlú dó.

Abọ́ tánganran mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ, ilé mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Mọ́mì mi ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn. Ta ló ń gbé wọn lọ ní Sátidé? Èmi. Ta ló ń padà lọ kó wọn ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré tẹn-tẹn? Èmi náà ni. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì ní ọrùn.

Abọ́ ọ̀hún kì í sì í padà lófìfo. "Abọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ya," ni mọ́mì mi máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó rú òfin náà. Opó tí apá òsì rẹ̀ ti rọ máa ń já ewé ẹ̀fìnrìn sínú tiẹ̀, láti inú ike ọ̀dà tó gbìn ín sí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ẹ̀fìnrìn la ń pè é. Ẹlòmíràn á fi ata rodo mẹ́ta sí i, ẹlòmíràn á di iyọ̀ sínú bébà. Bàbá Lámídì, tó ni abọ́ keje, máa ń fi àlùbọ́sà kan ṣoṣo sí i, tó ti bó èèpo òde rẹ̀ kúrò tó fi ń dán bí bàtà ṣọ́jà. Alábàárù ni ní Mile 12 tẹ́lẹ̀, ó ń sọ àpò àlùbọ́sà kalẹ̀ látorí tírélà, títí ọ̀kan fi já lù ú ní ìbàdí. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣì ń mú díẹ̀ wá fún un ní gbogbo Jímọ́ọ̀.

Gbogbo ohun tí abọ́ bá gbé bọ̀ ló ń wọ ìkòkò Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mọ́mì mi á tilẹ̀ kéde rẹ̀: "Àlùbọ́sà Bàbá Lámídì ti wọlé o!" Lójú tèmi, yẹ̀yẹ́ ni. Àlùbọ́sà kan nínú ìkòkò tó lè gba èèyàn mẹ́ta?

Bàbá Lámídì fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn lọ́tọ̀. Kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan abọ́ àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ kí òun.

"Kí mi ní Yorùbá."

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá."

"Kí mi ní Haúsá."

"Sànnú, Baba."

"Kí mi lóyìnbó."

"Good afternoon, sir."

"Ó dáa, máa gbé e lọ. Ọmọ tó bá gbọ́ mẹ́ta yìí, ebi ò lè pa á ní Mile 12."

Ó wá ku ìdérí abọ́ keje. Abọ́ mìíràn ló ni ín, wọ́n kàn fi fẹ́ abọ́ keje tipátipá ni. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, gbàn-gàn! Bí mo bá tún gbé èkejì, gbàn-gàn! Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti gbọ́ mi láti òpin títì. "Gbàn-gàn ń bọ̀ o! Gbàn-gàn, kí lẹ sè?" Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn títí mo fi kúrò ní praimárì.

Ní praimárì fáìfù ni tíṣà wa kọ́ wa ní lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ọ̀gá àgbà. Kò mọ ohun tó fi lé mi lọ́wọ́. Mo kọ ojú ìwé méjì lédè òyìnbó sí Alága Ẹgbẹ́ Oníkòkò, ìyẹn Alhaja, adírẹ́sì mi lókè lápá ọ̀tún, tiwọn nísàlẹ̀ lápá òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan ló wà láàárín ilé wa méjèèjì. Mo fi ẹ̀sùn márùn-ún sun wọ́n. Èkíní, ìdérí abọ́ keje ò bá a mu. Èkejì, Sọ́ńdè jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan ń fi dandan mú mi kí òun lédè mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ti sọ mí lórúkọ tí àwọn òbí mi ò sọ mí. Ẹ̀karùn-ún, ohun tó ń bọ̀ nínú àwọn abọ́ náà ò tó nǹkan, kò sì yẹ kí wọ́n torí ewé mẹ́rin da ọjọ́ ọmọ rú. Nítorí náà, kí wọ́n fi òpin sí abọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Aunty Ìbídùn ló ka lẹ́tà náà sókè níbi ìpàdé. Magodo ni wọ́n ń gbé, ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mọ́mì mi ló ń ránṣọ fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń gbé àpò ẹ̀wà wá nínú búùtù mọ́tò wọn. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni mọ́mì mi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu.

"Họ́wù!" ni Alhaja wí. "Ọmọ yìí, ta ló jẹ ọ́ níyà tó báyìí? Ṣé kí n pe ọlọ́pàá mú ìyá ẹ ni?"

Ẹ̀rín ta. Ṣùgbọ́n Aunty Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú o, Alhaja, ọmọ yìí mà ní point. Abọ́ kan náà láti ilé dé ilé, kò tilẹ̀ mọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé takeaway wá. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sọ ọ́ nù, ó parí."

Bí mo ṣe jàre nìyẹn. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ láyé, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi dáhùn. Láti ìgbà náà, mo ti kọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà sí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, kò sí èyí tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ike fóòmù funfun mẹ́sàn-án jáde. Wọ́n fúyẹ́ bí ìyẹ́, wọn ò pariwo. Ní Sọ́ńdè, mo ta tẹn-tẹn títí ẹsẹ̀ fi ro mí. Mọ́mì mi ti kó àwọn abọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó dojú wọn délẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, Ìyá Ẹ̀fìnrìn ò na ọwọ́. "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Gbé e fún ẹlòmíràn." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ò jọ ti ẹni tó ti jẹun. Ní Sátidé kẹrin, mo gbé oúnjẹ bọ̀ wálé, ike mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án, gbígbóná. Ilẹ̀kùn Bàbá Lámídì tilẹ̀ wà ní títì, mo sì ń gbọ́ ikọ́ wọn nínú ilé.

Mọ́mì mi wo àwọn ike náà, ó wo èmi.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

"Rónkẹ́. Àgbàlagbà mẹ́fà ò lè dédé kọ oúnjẹ. Àwọn èèyàn yìí ò ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń jẹ ní Sátidé. O ti bú wọn."

Ẹ wò ó, mo ti jẹ̀bi ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n èyí ni mi ò ṣe. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ wá ẹ̀rí fúnra mi ní Sọ́ńdè, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, láìgbé abọ́ kankan.

Bàbá Lámídì ṣílẹ̀kùn. Eegun ọrùn wọn ti yọ síta. Wọn ò ní kí n kí wọn lédè kankan, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"O ò wá gba abọ́ mọ́," ni wọ́n wí.

Ìgbà náà ni mo rí ojú fèrèsé. Ike fóòmù mẹ́ta wà níbẹ̀, tí wọ́n ti fọ̀, epo ti sọ wọ́n di pupa rúsúrúsú. Àlùbọ́sà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kúrò. Ti ọ̀sẹ̀ kìíní ti hu ewé.

"Bàbá, a kì í gba eléyìí padà. Ẹ máa sọ ọ́ nù ni."

"Kí n sọ abọ́ nù?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n sọ ọmọ nù. "Àlùbọ́sà ńkọ́?"

"Àlùbọ́sà wo, sà?"

"Ti inú ẹ̀wà! Ta ló ń mú un wá báyìí?"

Odidi àpò àlùbọ́sà kan ni Aunty Ìbídùn ti ń gbé wá báyìí.

"Nínú ẹgbẹ́ wa," ni Bàbá Lámídì wí, "èmi ni mo ni àlùbọ́sà. Ìyá Ẹ̀fìnrìn ló ni ewé. Tí ẹ bá ti lé wa kúrò lẹ́gbẹ́, ẹ sọ fún wa. Ẹ má máa gbé oúnjẹ ká wa mọ́lé bí alágbe."

Nínú ẹgbẹ́ wa. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo rò pé èèyàn mẹ́fà ló wà nínú Ẹgbẹ́ Oníkòkò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Lẹ́tà mi ló ti lé mẹ́sàn-án dànù.

Mo fi àlùbọ́sà mẹ́ta náà sínú báàgì Bíbélì mi, mo gbé wọn lọ síwájú mọ́mì mi níbi tó jókòó sí nídìí maṣíìnì. Mo sọ ohun tí Bàbá wí, mi ò fi kún un. Ẹsẹ̀ mọ́mì mi dúró lórí pẹ́dà. Kò bú mi. Ó dìde, ó gbé àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nítorí pé mo jẹ́ ọmọ tó mọ òfin, mo tún kọ lẹ́tà kejì. Olùfisùn: èmi. Ẹni tí wọ́n fi sùn: èmi. Aunty Ìbídùn kà á, wọ́n sì ní, "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ rárá ni." Alhaja ló dájọ́: "Ìwọ lo pẹjọ́, ìwọ lo jẹ̀bi, ìwọ náà la ó rán lẹ́wọ̀n. Wàá gbé abọ́ títí wàá fi jáde sẹ́kọ́ńdírì." Kò sì dín ọjọ́ kan kù níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Aunty Ìbídùn rọra béèrè bóyá àwọn náà lè ní abọ́, nítorí àwọn nìkan ló ń gbé nínú ilé ńlá Magodo yẹn. Ẹgbẹ́ fún wọn ní abọ́ kẹwàá. Mílíìkì alágolo ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀ padà.

Ilé mi wà ní Gbàgádà báyìí, mo ti lọ yunifásítì, mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn sun èèyàn pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́. Àwọn ará ilé wa ò lè bá iléeṣẹ́ ẹlẹ́tíríkì jà láìpè mí. Ọdún tó kọjá, àwọn aláàánú kan dé àdúgbò wa pẹ̀lú kámẹ́rà méjì. Wọ́n to àwọn opó sórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì sókè kí orúkọ ẹgbẹ́ wọn tó wà lára rẹ̀ lè hàn, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá to ẹ̀sùn méjìlá sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo lèmi kọ: ta lẹ fi sílẹ̀ tí yóò padà wá gba abọ́? Wọn ò tíì dáhùn.

Nígbà tí Bàbá Lámídì kú, àwọn alábàárù ẹgbẹ́ wọn ló dá abọ́ keje padà. Àlùbọ́sà kan wà nínú rẹ̀. Mọ́mì mi fi dáná lọ́jọ́ Sátidé, ó kéde rẹ̀ bó ṣe máa ń kéde rẹ̀, ó wá gbé abọ́ náà fún mi. Òun ni mo ń gbé lọ, tí mo ń gbé bọ̀, láàárín èmi àti ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ ilé wa.

Mo ti tún lẹ́tà ìgbà náà rò dáadáa. Nínú ẹ̀sùn márùn-ún, mẹ́rin ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀kan péré ló tọ́ tí mo jàre rẹ̀ pátápátá, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan sí títí di òní. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo ilé ló ń gbọ́: gbàn-gàn, gbàn-gàn. Ìdérí abọ́ keje ò bá a mu.