Sàfíyọ̀ Akínlolú àti Tẹ́tẹ́ Tó Ní Gbèdéke

Tí ẹ bá dé Akóbọ̀, tí ẹ bèèrè ẹni tó mọ ààlà ju gbogbo èèyàn lọ, Akínlolú ni wọ́n á júwe fún yín. Awọnlẹ̀ ni, Sàfíyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń sọ ibi tí ilẹ̀ oníkálùkù pin sí fún wọn, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò fi ìmọ̀ yìí yangàn. Ẹ kú ìmọ̀, Sàfíyọ̀!

Ilé tiẹ̀ ni kò sómi. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wọn ti jóná láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Láràárọ̀, Ọmọ́fẹ́ ìyàwó rẹ̀ á pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà nílé Alàgbà Ikúbọlájẹ́ ní àdúgbò kejì kó tó lọ síléèwé tó ti ń kọ́ ọmọ. Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó. Àánú rẹ̀ a sì máa ṣe ọkọ rẹ̀ gan-an, láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Sátidé kan, Ọmọ́fẹ́ kó owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé e lọ́wọ́, ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin náírà, pé kó lọ ra ẹ̀rọ tuntun ní Challenge.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà sí Bódìjà o."

"Ìyá Ìdùnnú! Ká tiẹ̀ ní mo yà, póókà, tẹ́tẹ́ káàdì tí à ń ta níbẹ̀, ní gbèdéke. Pọ́ọ̀tù límíìtì ni."

"Gbèdéke wo?"

Inú ọkùnrin náà dùn, torí àlàyé ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè ta ju iye owó tó bá wà láàárín tábìlì lọ. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì náà lo lè ta mọ. Tí ẹlòmíì bá ti ta ṣáájú, wàá kọ́kọ́ san iye tó ta, wàá wá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye yẹn lo lè fi lé e. "Ẹni tó ṣe òfin yìí fẹ́ràn àwa baálé ilé," ló wí. Ọmọ́fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó jáde.

Sàfíyọ̀ yà sí Bódìjà. Àbí ẹ rò pé kò ní yà ni?

Èèyàn mẹ́rin ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Alàgbà Ikúbọlájẹ́ olómi fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ owó orí tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò. Ipò ńlá ni Sàfíyọ̀ wà láwùjọ yìí: òun ló ń ka owó àárín, láìwo fóònù. Wọn á ní, "Sàfíyọ̀, bá wa ṣírò ẹ̀!" Orí rẹ̀ á sì wú.

Oníkálùkù fi irínwó náírà sílẹ̀, ó di ẹgbẹ̀rún méjì. Sàfíyọ̀ yọ́ káàdì rẹ̀ wò, ọba méjì! Ó ta gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì tí òfin gbà. Àwọn mẹ́ta ju káàdì sílẹ̀, wọ́n yọwọ́. Alàgbà san tiẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà!" Sàfíyọ̀ kéde owó àárín.

Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta tí gbogbo wọn jọ ń lò sáàárín, ọba kẹta wà níbẹ̀. Ó ta ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Alàgbà san. "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún!" Wọ́n ṣí ìkẹrin. Ó ta ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Alàgbà san. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, torí kò ṣì í.

Wọ́n ṣí ìkarùn-ún, ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ kan owó tó kù lápò rẹ̀. Gbèdéke tó fi fọkàn ìyàwó rẹ̀ balẹ̀ ti kúrò ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta, mínírà iwájú rẹ̀ ò sì tíì gbóná. Àṣé bí wọ́n ṣe ń ta ni gbèdéke ń ga! Ó lè ní òun ò ta mọ́, kó fi èyí tó kù ra ẹ̀rọ àlòkù. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò ó, òfin sì gbà á láyè. Ó ta á.

Alàgbà san, ó rọra tú káàdì tiẹ̀ sílẹ̀. Méjì tiẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta àárín, márààrún ló jẹ́ alámì ọkàn, ìyẹn sì ju ọba mẹ́ta lọ.

"Sàfíyọ̀, èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélọ́gọ́jọ," ló wí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹgbẹ̀ta ló kù lápò rẹ̀.

Nílé, Ọmọ́fẹ́ wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo.

"Gbèdéke yẹn ńkọ́?"

Alálàyé yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹgbẹ̀ta tó kù, ó nà án sí i. Ọmọ́fẹ́ to kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà síwájú rẹ̀. "Láti ọ̀la lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa pọn ọ́n."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi rẹ̀, ó ń rin pákò. Sàfíyọ̀ pọn méjì, ó fẹ́ gbé ìkẹta sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Méjì tó, Sàfíyọ̀. Owó iná ti wọ́n, mo ti fi gbèdéke sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹ́fà ni Ìyá Ìdùnnú máa ń pọn."

"Ìyá Ìdùnnú nìyẹn. Méjì ni tìẹ, kò sì ní lé."

Ó kó wọn délé. Ọmọ́fẹ́ dúró lẹ́nu géètì, ó kà wọ́n lójú rẹ̀: méjì kún, mẹ́rin ṣófo.