Ọwọ́ Ọ̀tún Dádì

Àwọn tó ń fín àwòrán sára bàbà ní Yúróòpù láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Bàróòkì kì í lo àwọ̀ láti fi ṣe ara èèyàn. Ìlà lásán ni. Níbi tí òjìji bá wà, wọn á tẹ irin mọ́lẹ̀ kí ìlà sanra. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, á tín-ín-rín títí á fi pòórá. Ọjọ́ tí olùkọ́ mi ní Dublin fi hàn mí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ Dádì mi ni màá fín.

Àìsàn ti ń jẹ ẹ́ tán nílé wa ní Finglas, ní Dublin níbẹ̀ náà. Kò fẹ́ fọ́tò, kò fẹ́ àwòrán, ó ní ẹ̀sìn ò fàyè gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ọwọ́ nìkan o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń fín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sára páànù bàbà, tòun ti tẹ̀sùbáà. Mo fi yíǹkì kun páànù náà, mo tẹ bébà lé e, mo sì gbé èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ bá a.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi ń pe Ọlọ́run?"

Yéè! Bí a bá tẹ bébà lé páànù, ọ̀tún á di òsì. Ta ni ò mọ̀? Olùkọ́ mi ti rí i, ó ní ó "grand", pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́. Èmi tí wọ́n gbá lọ́wọ́ ní kékeré torí mo fòsì gba búrẹ́dì, èmi ni mo gbàgbé!

Mo ṣàlàyé, kò gbọ́. "Pa á rẹ́." Inú bí mi, mo fa bébà náà ya níṣojú rẹ̀. "Ó ti parẹ́, sà." Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún bínú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ha páànù náà títí ó fi ń dán, torí òun nìkan ni mo ní.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Inú dígí ni mo ti wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ báyìí, kí ọ̀tún lè jáde ní ọ̀tún. Dádì fúnra rẹ̀ ló ń na ọwọ́ sórí ìrọ̀rí fún mi, "Ṣe kíá, ọmọ mi." Mo parí ìka mẹ́rin. Ó ku àtàǹpàkò.

Ó kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọkùnrin ló wẹ̀ ẹ́ ní mọ́sáláṣí, èmi ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń kígbe pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò nìkan. Wọ́n rò pé ẹkún ti dà mí lórí rú. Nígbà tí wọ́n máa fi jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, tọwọ́ tẹsẹ̀.